Ó Ku Ẹ̀mí Kan

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí géèmù tó wọ àdúgbò wa ní Òkìtìpupa, kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ fún mi tí n kò ní gbà gbọ́. Bí wọ́n bá ní ẹran wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀, n ó máa fi òkèlè púpurú wá a kiri títí abọ́ yóò fi mọ́ fó. Bí Màámi bá ní kí n fọ ìkòkò kí n tó wá bá òun lọ sọ́jà, n ó fọ ìkòkò tán, n ó jáde, n kò ní bá ẹnikẹ́ni níta. Géèmù ló là mí lójú. Láti ìgbà náà ni ara ti ń fu mí sí gbogbo nǹkan, títí kan àga tí mo jókòó lé tí mo fi ń kọ èyí, nítorí pé káfíńtà tó kàn án rẹ́rìn-ín jù nígbà tó ń gbé e wá.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ yóò rántí irú géèmù tí mò ń sọ. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò ni a ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ ọ́, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí rẹ̀ fùú, a ó tún kì í padà. N kò mọ ẹni tó kọ́ wa ní fífẹ́ yìí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Òkìtìpupa ló mọ̀ ọ́n fẹ́. Ìtọ́wò irin rẹ̀ ṣì wà létè mi.

Ilé Alhaja ni ẹ̀rọ náà wà. Alhaja jẹ́ aládùúgbò wa, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tiwa ni, ó ń ta ìkòkò àti abọ́ lọ́jà, ọkọ rẹ̀ sì ń ta pákó. Ọkọ náà ló ra géèmù yìí bọ̀ láti Sàpẹ́lẹ́ fún Mùsílíù ọmọ wọn nígbà tí ọmọ náà ka Kùránì parí. Ẹran Iléyá wọn a máa dé ọ̀dọ̀ wa, ìrẹsì Kérésì wa náà a sì máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Bàámi ní rédíò ti tó òun, pé ohun tí òun kò rí kò lè dẹ́rù ba òun.

Àbúrò mi ọkùnrin ni Ṣàánú. Ikúṣàánú ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilẹ̀ wa, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa kí ó tó dé. Ọmọkùnrin méjì ni Màámi bí tẹ̀lé mi, kò sí èyí tó dúró di ìgbà tó mọ̀ ọ́n rìn. Ìgbà tí ẹ̀kẹta dúró ni wọ́n sọ ọ́ ní Ikúṣàánú, ṣùgbọ́n Màámi kì í fẹ́ kí a pe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Aládùúrà ni Màámi, ẹlẹ́sẹ̀ lásán nínú sùtánà funfun, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ikú ṣeré nílé rẹ̀. Tí mo bá ní ebi fẹ́ pa mí kú, á ní kí n lọ fi omi yọ ẹnu kí n tó wá jẹun.

Nínú géèmù náà, ọkùnrin kan wà tó dé akoto irin, tó gbé ìbọn dání, tó ń sáré láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jẹun, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ẹ́. Inú igbó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, igbó olómi tí igi ògùrọ̀ kún inú rẹ̀, ó sì jọ ọ̀nà odò wa débi pé Mùsílíù búra pé ìhà Ìrèlè ni wọ́n ti yà á. Ní ìparí pátápátá ni ọ̀tá kan wà tí irin bo gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀gá ni a ń pè é, orúkọ àbísọ tí a fún un sì ni Bàbá Onírin.

Ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọta ìbọn kan ti tó láti pa ọ́. Wàá ṣubú, wàá tún dìde, ẹ̀mí kan á sì dín. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tán, wàá gbé pádì tí a fi ń darí rẹ̀ fún ẹni tó kàn, wàá lọ jókòó sórí ẹní lẹ́yìn. A kì í fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. “Mo ti kú” ni à ń wí, bí ẹni tó ń sọ pé òun ti jẹun.

Ibi tó bá dákẹ́ jù nínú géèmù náà ni ibi ewu. Afárá pákó kan wà tó gún régé, tí ọ̀tá kankan kò sí lórí rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìsinmi wà, àfi bó ṣe já mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àpótí kan tún wà tó máa ń tàn yanran lẹ́bàá òkúta bí ẹ̀bùn. Tí o bá sáré lọ mú un, ẹnì kan á yọ lẹ́yìn òkúta. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ pákó orí gọ́tà wò kí n tó gun orí rẹ̀. Bí tíṣà bá ń wò wá láìsọ̀rọ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo orí.

Kí a tó lè lọ sílé Alhaja, a gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ ilé. Màámi ń ṣe púpurú tà. Tí ẹ̀gẹ́ bá ti rọ̀ nínú omi, tí a sì ti fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n rìbìtì, yóò tò ó sórí àjà iná, èéfín yóò sì máa fín in títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Iṣẹ́ tiwa ni láti fi ọ̀bẹ họ dúdú náà kúrò kí funfun inú rẹ̀ tó hàn. Ẹni tó bá họ ọ́ jù, tó ń họ funfun mọ́ dúdú nítorí ìkánjú, yóò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, yóò gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ á sì máa ṣomi. Mo ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn èéfín kò kúrò nínú irun mi títí mo fi lọ sílé ìwé gíga.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, a wà nídìí géèmù nígbà tí Màámi pè wá láti orí ògiri pé púpurú ti tó họ. Pádì wà lọ́wọ́ Ṣàánú. Mùsílíù tẹ ibi tí wọ́n fi ń dá eré dúró, ó ní kí á lọ họ ọ́ kíá, pé òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. A délé, a mú ọ̀bẹ. Màámi jókòó lórí àpótí nítòsí wa, ó ń fẹ́ iná. Ṣàánú ń họ, ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

“Àǹtí Yẹ́mi,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká ṣe kíá. Mo ti kú lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹ̀mí kan. Wọ́n ń dúró dè mí, mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn.”

Màámi kò fẹ́ iná mọ́. Ó yíjú sí i.

“Ọma mi, kí wẹ fọ̀?”

Ọmọ tí ara kì í fu, ó tún un sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀mí kan. Wọ́n ń dúró dè é. Mo rí i pé ojú Màámi ti yí padà, mo sì sáré bọ́ sáàárín kí n lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

“Màámi, kì í ṣe nǹkan kan o,” mo ní. “Gbogbo wa la máa ń kú. Èmi ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tèmi tán láti àárọ̀.”

Màámi dìde, ó wọlé. Kò gbá wa létí, kò ní kí a kúnlẹ̀, kò sì ní kí a lọ yọ ẹnu. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó fún wa, ó sì bu ẹja ńlá fún Ṣàánú, èyí tí ó máa ń fi sílẹ̀ fún Bàámi. Ṣàánú jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Èmi kò lè jẹ tèmi. Ilé ti dákẹ́ jù, ẹja ti tóbi jù, ara sì ń fu mí pé ilẹ̀ fẹ́ là mọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì ni Màámi fà wá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń pín ọsàn fún àwa ọmọdé. Ó mú Ṣàánú jókòó, ó sì bi í ní ibi tí wọ́n ti máa ń pàdé.

“Inú igbó ni a ti ń bẹ̀rẹ̀,” ni Ṣàánú dáhùn. “Omi wà nísàlẹ̀.”

“Ẹ̀yin mélòó ló máa ń lọ?”

“Méjì-méjì ni, mà. Àwọn tó kù á jókòó dè wá.”

“Ṣé ẹ ní ọ̀gá?”

“A ní. Bàbá Onírin. Ìparí ló ń gbé. Èmi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Mùsílíù ló ti rí i.”

Màámi mí kanlẹ̀. Mo ní géèmù ni, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, géèmù lásán ni. Ìyá Àdúrà bi mí pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Mo ní inú tẹlifíṣọ̀n ni a máa ń wọ̀, tí a ó máa sáré níbẹ̀. Ìyá Àdúrà àti Màámi wo ara wọn, wọn kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí Ṣàánú lọ sí Àjàgbà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màámi, kí ó máa gbé nínú ilé àánú ìjọ tó wà níbẹ̀, kí wọ́n máa gbààwẹ̀ lé e lórí títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run yóò fi tú u sílẹ̀. Mo bi Màámi pé ìgbà wo ni yóò padà. Ó ní ìgbà tí Ọlọ́run bá sọ. Bàámi ní kí wọ́n rọra tún bi ọmọ náà wò, Màámi sì ní ṣé ó fẹ́ kí òun dúró di ìgbà tí ẹ̀mí tó kù yóò fi lọ ni. Bàámi gbé rédíò rẹ̀ bọ́ síta. Mo rí i tí Màámi ń di aṣọ Ṣàánú sínú báàgì, tí ó ń ká a lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, orí ẹní kan náà ni a jọ ń sùn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, Ìyá Àdúrà ti ní kí Màámi wádìí ohun tí Ṣàánú jẹ, nítorí pé oúnjẹ ni wọ́n fi máa ń gba ọmọdé wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣàánú ní dòdò ni, nílé Alhaja. Bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe kọjá sí ilé kejì nírọ̀lẹ́, èmi àti Ṣàánú sì tẹ̀ lé e. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ Alhaja láti ọjà, ojú rẹ̀ kò túra. Ó gbé àga, Màámi kò jókòó. Ó gbé omi tútù, Màámi kò wò ó.

“Alhaja, ìjà kọ́ ni mo bá wá,” ni Màámi wí. “Mo wá bẹ̀ yín ni. Ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọma mi nílé yìí, ẹ bá mi dá a padà.”

Mo rò pé Alhaja yóò lé wa jáde.

“Ìyá Yẹ́misí,” ó ní, “kò sí iná báyìí. Ẹ dúró títí yóò fi dé, kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń dúró de iná, ọ̀kan lórí ìdúró, èkejì lórí ẹní, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ mú ojú kúrò lára ẹnì kejì. Èmi mọ bí iná ṣe rí ní Òkìtìpupa, mo mọ̀ pé ó lè lọ kí ó má padà láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́tò Àjàgbà sì ni Màámi ti bá sọ̀rọ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò tíì gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe gbà á nínú pálọ̀ Mùsùlùmí yẹn. Ìgbà tó yá, fíríìjì Alhaja gbọ̀n, àwọn ọmọ òde hó yèè, Mùsílíù sì tan tẹlifíṣọ̀n.

Màámi wo ọkùnrin náà tó ń sáré nínú igbó. Alhaja gba pádì lọ́wọ́ Mùsílíù, ó fi lé Màámi lọ́wọ́, Màámi sì gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun ọlọ́mọ. Kò mọ ibi tó yẹ kí ó tẹ̀. Ọta kan ba ọkùnrin náà, ó ṣubú.

“Kí ló ṣe é?” ni Màámi bèèrè.

“Ẹ ti kú, mà,” ni Mùsílíù wí jẹ́jẹ́. “Ó ku ẹ̀mí méjì.”

Ó fi ọwọ́ han Màámi ní òkè níbi tí wọ́n ya ẹ̀mí náà sí. Bí ó ti ń fi hàn án ni ọkùnrin náà dìde lórí ilẹ̀, tó sì dúró gbagidi.

“Ó tún dìde,” ni Màámi wí.

“Ó máa ń dìde, mà.”

Màámi rọra jókòó lórí ẹní. Mo retí pé yóò rẹ́rìn-ín, pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọkùnrin inú géèmù náà tó dúró, tó ń retí ẹni tí yóò tẹ òun.

“Àwọn méjì tèmi kò dìde,” ó wí.

Alhaja sún mọ́ ọn lórí ẹní, ó gba pádì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú.

“Èyí tó ṣáájú Mùsílíù,” ni Alhaja wí, “òun náà kò dìde.”

Gbogbo ọdún tí ògiri kan ti là wọ́n láàárín, Màámi kò gbọ́ ọ rí. Ó bú sẹ́kún, Alhaja náà ń sunkún, àwa ọmọdé sì ń wo ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Màámi tó sunkún. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó mu omi tútù náà tán. Nígbà tí a délé, ó tú báàgì Ṣàánú sílẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ padà sórí okùn, mọ́tò Àjàgbà sì lọ láìsí i nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé Màámi gbà tán. Ó ní òun ti rí i pé eré ni, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan lélẹ̀. Ṣàánú lè kú lẹ́ẹ̀kan, ó lè kú lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti ku ẹ̀mí kan, kí ó gbé pádì sílẹ̀ kí ó máa bọ̀ nílé. Alhaja fọwọ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ̀mí Ṣàánú bá ti ku ọ̀kan, á ti inú ilé ìdáná pè é kí ó wá jẹ dòdò. Nítorí náà, àbúrò mi kò dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onírin rí láyé rẹ̀.

Gbogbo wa ti dàgbà báyìí. Mùsílíù ń ta pákó bíi bàbá rẹ̀. Èmi di olùkọ́ ní Òde-Ayé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń pè mí ní Màdáàmù Afura, wọ́n rò pé n kò mọ̀. N kì í gba ohun ọ̀fẹ́. Tí ọlọ́kadà bá ní kí n san ohun tó bá wù mí, n ó fi ẹsẹ̀ rìn. Tí ọ́fíìsì bá mọ́, tó sì dákẹ́, n ó wo òkè, n ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí n tó wọlé, mo sì ti rí ìdí púpọ̀ láti dúpẹ́ pé mo wò ó.

Àwọn ọmọ tòní kò mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Inú fóònù ni géèmù wọn wà, kò sí wáyà, kò sí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kò sí ẹni tó jókòó lórí ẹní tó ń dúró de pádì, kò sì sí ìyá tó ń pe ọmọ láti orí ògiri. Olúkúlùkù dá nìkan wà pẹ̀lú tirẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ṣàánú ni Màámi ń gbé báyìí, ní Òkìtìpupa. Mo lọ kí wọn ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ṣàánú ń jẹun, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́sẹ̀ Màámi, ó tẹ orí ba fóònù, ìbọn ń dún kíkankíkan nínú rẹ̀. Màámi bi í pé ẹ̀mí mélòó ló kù fún un.

“Kò níye, Màmá àgbà,” ni ọmọ náà dáhùn láìgbójú sókè. “Tí mo bá kú, mo kàn ń bẹ̀rẹ̀ padà ni.”

“Nígbà tiwa, mẹ́ta ni,” ni Màámi wí. “Gbogbo ilé ló sì mọ iye tó kù.”

Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó sì ń wo fóònù náà pẹ̀lú ìfura. Ọmọ náà ṣubú nínú géèmù. Màámi ní, “Ọ̀kan.” Ó dìde, ó sáré díẹ̀, ó tún ṣubú. Màámi ní, “Èjì.” Ṣàánú gbé púpurú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣan ọwọ́, ó wá gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì pa á. “Wá jẹun,” ó ní.